Páìpù ọ́ìlì katakata mi ti dípẹtà: ṣé kí n fi họ́ọ̀sì rọ́pò rẹ̀?

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Katakata kékeré tòkunbọ̀ ni mo fi ń gbẹ́ ilẹ̀ ní Badagry. Afẹ́fẹ́ oníyọ̀ etí òkun ti jẹ páìpù irin tó ń gbé ọ́ìlì lọ sí apá rẹ̀, pàápàá lábẹ́ ìdè tó dì í mú, níbi tí ẹrẹ̀ máa ń há sí. Ó ti ń jò. Mo ti pa katakata náà, mo sì kìlọ̀ fún ọmọṣẹ́ mi kó má fọwọ́ wá ojú ihò náà, torí agbára tí ọ́ìlì yẹn fi ń tú jáde lè mú kó gún awọ ara wọlé.

Wẹ́dà ní òun á jó o. Ọkàn mi kò gbà á: irin náà ti fẹ́lẹ́ jù. Ṣé kí n fi họ́ọ̀sì rọ́bà tó ní okùn irin nínú rọ́pò rẹ̀, àbí kí n wá páìpù tuntun? Nọ́ọ̀tì ẹnu páìpù tó ti jẹ yìí náà ti gan pa. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe lè tú u láì ba ojú rẹ̀ jẹ́?