Gàrí Ìjẹ̀bú lórí ìkànnì: ọ̀rọ̀ wo ni ká lò kí oníbàárà lè rí wa lórí Google?

Onígàrí Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Gàrí Ìjẹ̀bú là ń tà, láti orí kọ́ńgò títí dé báàgì 50kg, a sì ń fi ránṣẹ́ sí Èkó, Ìbàdàn àti Abùjá. Ẹni tó ṣe ìkànnì fún wa kọ “Premium Cassava Granules” gàdàgbà sókè, ó tún to bíi ogójì ọ̀rọ̀ sínú àyè kan tí wọ́n ń pè ní meta keywords. Tí èèyàn bá tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ wa, a máa ń jáde. Tó bá tẹ “garri” lásán, kò ní rí wa. Irú kíwọ́ọ̀dù wo ló yẹ ká lò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là wá lọ́yẹ̀.

Ọmọ Ṣàgámù:
Ìyá wa, ẹ gbọ́kàn kúrò lórí meta keywords yẹn. Láti 2009 ni Google ti kéde pé àwọn kì í wò ó rárá tí àwọn bá ń to èsì. Àkọlé ojú ìwé àti ọ̀rọ̀ tí oníbàárà ń kà lójú ìwé gan-an ni kí ẹ mójú tó. “Cassava granules” kẹ̀? Ta ló ń dé ọjà lọ béèrè ìyẹn?

“Garri” nìkan náà ò lè ràn yín lọ́wọ́. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ lè máa wá àwòrán, ó lè fẹ́ mọ̀ bóyá ó ń mú èèyàn sanra, ó sì lè jẹ́ ọmọ ilé ìwé tó ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ẹ̀gbọ́n Ìperu:
Òótọ́ lọ̀rọ̀ Ọmọ Ṣàgámù. Ohun tó wà lọ́kàn ẹni tó ń wá nǹkan ni kí ẹ kọ́kọ́ mọ̀. Ẹ ṣí incognito lórí fóònù yín (ojú ìwé tí kì í lo ohun tí ẹ ti wá tẹ́lẹ̀), ẹ tẹ “ijebu garri”, ẹ fi àyè sílẹ̀, kí ẹ wá tẹ a. Ẹ wo ohun tí Google fúnra rẹ̀ máa dábàá. Ẹ pa a rẹ́, ẹ tẹ b, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ dé z. Ẹ tún yí i padà sí “garri ijebu”, nítorí bí àwọn kan ṣe ń tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ẹ kọ gbogbo èyí tó bá ní price, buy, bag, wholesale tàbí orúkọ ìlú nínú sílẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lórí Google, kí ẹ yẹ ojú ìwé èsì àkọ́kọ́ wò. Tó bá jẹ́ fídíò àti “how to make” ló kún ibẹ̀, àwọn tó fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe é ló ń tẹ ọ̀rọ̀ yẹn, ojú ìwé ọjà yín ò ní rọ́nà wọlé. Tó bá jẹ́ àwọn tó ń tajà ló pọ̀ níbẹ̀, ibi tiyín nìyẹn.

“Bag of ijebu garri price” àti “how much is 50kg ijebu garri”, ọ̀kan náà ni. Ojú ìwé kan ṣoṣo ni kí ẹ kọ fún méjèèjì. Tí ẹ bá ya wọ́n sọ́tọ̀, ṣe ni wọ́n á máa bá ara wọn du àyè, Google ò sì ní mọ èyí tí yóò gbé jáde. Àmọ́ “how to make ijebu garri” nílò ojú ìwé tirẹ̀: ọjọ́ tí ẹ fi ń jẹ́ kí ẹ̀gẹ́ kan, ìdí tó fi ń kan, ìdí tí ẹ kì í fi í pò ó mọ́ epo. Kí líǹkì sí ojú ìwé ọjà wà nínú rẹ̀.

Ohun kan tí àwọn onígàrí máa ń gbàgbé ni òṣùwọ̀n. Nílé wa níbí, kọ́ńgò la mọ̀. Ará Èkó á tẹ “paint of garri”, ẹni tó wà lókè òkun á tẹ kg. Ẹ gbé rọ́bà pẹ́ńtì kan sórí ìwọ̀n, ní rírẹ́ àti ní kíkún gegele, kí ẹ sì kọ orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pẹ̀lú ìwọ̀n wọn sójú ìwé náà. Ó ń mú yín jáde, ó sì ń dín ìjà kù nígbà tẹ́rù bá dé.

Onígàrí Ìjẹ̀bú-Igbó:
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Mo ti wo Keyword Planner, irinṣẹ́ Google tó ń sọ iye ìgbà tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ kan lóṣù. “100 – 1K” ló kọ, ó sì ní competition jẹ́ Low. Ṣé ó rọrùn nìyẹn?

Ẹ̀gbọ́n Ìperu:
Rárá o. Ọ̀rọ̀ àwọn tó ń sanwó ìpolówó ni competition yẹn ń sọ, kò kan bó ṣe máa rọrùn tó láti dé òkè lọ́fẹ̀ẹ́. Àlàfo ńlá ńlá bẹ́ẹ̀ ló máa ń fún ẹni tí kò bá polówó. Ẹ fi ṣe àfiwé ọ̀rọ̀ méjì, ẹ má fi ṣírò èrè. Ẹ sì rí i dájú pé Nàìjíríà lẹ yàn níbi location.

Aláṣọ-Òkè Ìjẹ̀bú-Òde:
Tó bá jẹ́ ọjà onígbà ni, bí aṣọ Ojúde Ọba, Google Trends, tó ń fi ìgbà tí wọ́n ń wá ọ̀rọ̀ kan jù hàn, dáa. Kì í ṣe iye èèyàn ni 0 sí 100 tó wà níbẹ̀ o, ìgbà tí wọ́n wá a jù lọ ló ń pè ní 100. Ọjọ́ kẹta Iléyá ni Ojúde Ọba, ó sì ń fi bí ọjọ́ mẹ́wàá sí mọ́kànlá yá ju ti ọdún tó kọjá lọ lọ́dọọdún. Ẹ má fi ọdún sínú àdírẹ́sì ojú ìwé. Kó jẹ́ /aso-oke-ojude-oba, kí ẹ máa tún inú rẹ̀ ṣe lọ́dọọdún, ká má máa bẹ̀rẹ̀ látòdo. Ẹ má sì fi àmì ohùn sí àdírẹ́sì, inú ọ̀rọ̀ ni kó wà.

Ọmọ Ṣàgámù:
Ìlú tiwa náà nìyẹn: àwọn kan ń tẹ Sagamu, àwọn kan Shagamu. Ẹ wá méjèèjì, tí èsì bá yàtọ̀, ẹ jẹ́ kí méjèèjì wà lójú ìwé.

Ìyá wa, ẹ tẹ site: pọ̀ mọ́ àdírẹ́sì ìkànnì yín lórí Google, ká mọ̀ bóyá Google ti mú ojú ìwé ọjà sínú àkójọ rẹ̀. Tí kò bá sí, tó sì jẹ́ WordPress (ètò tí wọ́n fi ń ṣe ìkànnì) ni wọ́n fi ṣe é, ẹ lọ sí Settings, Reading, ẹ yọ àmì tó wà níwájú “Discourage search engines”. Tí ó bá wà, ẹ ṣí Search Console, irinṣẹ́ Google tó ń fi bí ìkànnì yín ṣe ń jáde hàn, ẹ lọ sí Performance, kí ẹ tan average position (ipò tí ẹ sábà ń wà nínú èsì). Ọ̀rọ̀ tó wà ní ipò 8 sí 20, tí Google ń gbé yín jáde fún gan-an ṣùgbọ́n tẹ́nikẹ́ni kì í tẹ líǹkì yín, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ojú ìwé rẹ̀ ṣe. Ẹ dúró bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan kẹ́ ẹ tó tún fọwọ́ kàn án.

Onígàrí Ìjẹ̀bú-Igbó:
Iye gàrí ń yí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ṣé kí n kọ iye sí àkọlé?

Ẹ̀gbọ́n Ìperu:
Ẹ má kọ ọ́ síbẹ̀. “Ijebu Garri: Price per Paint and 50kg Bag, Lagos Delivery” ti tó, kò gùn débi tí Google á gé e. Inú ojú ìwé ni kí iye wà, pẹ̀lú ọjọ́ tí ẹ yí i kẹ́yìn.