Kọ̀ǹpútà mi tó ń sá lọ sí Windows: ó ti yanjú

Ẹ kú ìdúró o. Ẹ rántí pé mo ní Windows àti Ubuntu, ètò ìṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà méjì, jọ wà lórí kọ̀ǹpútà alágbèéká mi, àmọ́ tí mo bá ti tàn án, Windows nìkan ló ń yọjú. Ó ti yanjú lálẹ́ àná.

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí n fi flash tan Ubuntu, kí n lo efibootmgr (àṣẹ tí a fi ń to èyí tí kọ̀ǹpútà máa kọ́kọ́ tàn), ẹ ṣeun gan-an. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, èsì tí mo rí ni “EFI variables are not supported on this system,” ìyẹn ni pé àṣẹ náà kò lè ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Àyà mi já! Àṣé ìlànà àtijọ́, Legacy, ni mo fi tan flash náà. UEFI, ìlànà tuntun, ló yẹ kí n yàn. Mo tún un tàn, mo tẹ sudo efibootmgr, ó wá fi bí wọ́n ṣe tò tẹ̀léra hàn mí: BootOrder: 0000,0003. Windows ni 0000, Ubuntu ni 0003. Kí Ubuntu lè ṣíwájú, mo bá tẹ:

sudo efibootmgr -o 0003,0000

Ni Ubuntu bá dé. Nọ́ńbà tiyín lè yàtọ̀ o, ẹ kọ́kọ́ wò ó dáadáa.

Ẹni tó ní kí n pa gbogbo rẹ̀ rẹ́ kí n tún bẹ̀rẹ̀, mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ọdún méjì ló wà níbẹ̀!