Orúnkún mi fẹ́ dójú tì mí o

Mọ́mì Ìyàwó, Peckham: Ẹ gbà mí o. GP (dókítà àdúgbò mi) ní osteoarthritis, àrùn tó ń ba oríkèé jẹ́, ló wà lórúnkún mi ọ̀tún. Kò tilẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀! Ó ní mo ti lé ní ọmọ ọdún 45, tí mo bá ń gun àtẹ̀gùn ló ń dùn mí, gígan orúnkún láàárọ̀ kì í tó ìṣẹ́jú 30, ó parí. Ìgbéyàwó ọmọ mi ti dé tán. Ṣé kí n sinmi ẹsẹ̀ ni àbí kí n máa rìn? Màá lè jó wọlé báyìí?

Ẹ̀gbọ́n Manchester: Ẹ má sinmi o! Ohun tó ba tèmi jẹ́ nìyẹn. Mo jókòó ti tẹlifíṣàn títí ẹran itan mi fi joro. Fisio (ẹni tó ń fi eré ìmárale tọ́jú ara dídùn) ní kí n máa dìde lórí àga láì fọwọ́ tì í, kí n rọra jókòó padà, lójoojúmọ́. Tó bá dùn yín díẹ̀, tó sì rọlẹ̀ kílẹ̀ tó mọ́, kò séwu.

Ìyá Ìbejì, Croydon: Ibuprofen, oògùn ara ríro yẹn, ńkọ́? Èmi ń jẹ ẹ́ bí ẹ̀pà.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì, Leeds: Mọ́ oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru? Ṣé kíndìnrín yín ṣẹ̀ yín ni? Gel ibuprofen ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ máa fi pa orúnkún.

Bọ̀ọ̀dá Houston: Mọ́mì, ẹ ra ọ̀pá. Ọwọ́ òsì lẹ ó fi mú un o. Ẹ̀gbẹ́ tó ń dùn ni mo fi mú tèmi, ìbàdí mi ló jìyà ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Kí ni tọwọ́ òsì nínú ọ̀rọ̀ orúnkún ọ̀tún?

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀pá àti ẹsẹ̀ tó ń dùn ló jọ ń lọ síwájú.

Ìyá Ìbejì: Èmi ò gbà. Ìyá mi n'Íléṣà, ọwọ́ ọ̀tún ni.

Àǹtí Nọ́ọ̀sì: Orúnkún wo ló ń dùn wọ́n?

Ìyá Ìbejì: …Tòsì.

Bọ̀ọ̀dá Houston: 😂😂 Ẹ wá sí Houston jàre, òtútù London ti wọ̀ yín léegun.

Ẹ̀gbọ́n Manchester: Houston tẹ́ ẹ ti ń fi mọ́tò lọ ra búrẹ́dì lójúde?

Ìyá Ìbejì: N'Íbàdàn, ta ló ń pe ìrìn ní eré ìdárayá? Bẹẹrẹ dé Ọjà'ba, ẹsẹ̀ ni, pẹ̀lú ẹrù lórí. Àmàlà gbígbóná á sì ti máa dúró dè wá.

Ẹ̀gbọ́n Manchester: Àmàlà wà ní Manchester o.

Bọ̀ọ̀dá Houston: Bóyá ìyẹn gan-an ló sọ orúnkún yín dà báyìí.