Wọ́n ní kí n kọ lẹ́tà àforíjì torí fọ́tò ọdún Ìṣẹ̀ṣe, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má bínú, ọ̀rọ̀ mi á gùn díẹ̀. Ọdún kẹfà mi rèé níléeṣẹ́ àdáni kan n'Ìbàdàn níbí, èmi ni mo máa ń gbowó lọ́wọ́ kọ́sítọ́mà. Babaláwo ni bàbá mi, inú ẹ̀sìn yẹn ni wọ́n bí mi sí, àmọ́ mi ò sọ fẹ́nì kankan níbi iṣẹ́ rí, tí wọ́n bá ń gbàdúrà láàárọ̀ Mọ́ńdè èmi náà á dúró, màá dorí kodò títí wọ́n á fi ṣe tán. Lọ́jọ́ 20 oṣù kẹjọ, ọjọ́ Ìṣẹ̀ṣe, tíjọba fún wa lọ́lidé, mo wọṣọ funfun, mo so ìdè Ifá mọ́wọ́, èmi àti bàbá mi ya fọ́tò, mo gbé e sórí Facebook, mo kọ "Ìṣẹ̀ṣe làgbà" sí i.

Bí mo ṣe padà síṣẹ́ ni ọ̀gá pè mí, wọ́n ní ṣé èmi náà ń bọ̀rìṣà ni. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni sà, ẹ̀sìn bàbá mi ni. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ àpótí owó lọ́wọ́ mi, wọ́n lẹ́rù ń ba àwọn kan láti gba ṣéńjì lọ́wọ́ mi. Mọ́ínmọ́ín tí mo máa ń gbé wá fún wọn ní Fúráìdè, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Ìyẹn dùn mí ju ti kọ́kọ́rọ́ lọ, torí obìnrin tó kọ́kọ́ ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, èmi ni mo gbé ọmọ ẹ̀ dé ọsibítù lọ́jọ́ tí gìrì mú un.

Ní báyìí HR, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, ní kí n yọ fọ́tò náà, kí n sì kọ lẹ́tà àforíjì pé mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, ó pẹ́ tán Mọ́ńdè. Ọmọ mi àgbà fẹ́ ṣe WAEC, owó ilé náà ti ń tó san. Ṣé kí n kọ ọ́?

Ìyá Ìbejì: Àbúrò mi, kọ ọ́ jàre. Bébà lásán ni, Ọlọ́run mọ ohun tó wà lọ́kàn ẹ. Ọkọ mi ti ń jókòó sílé láti ọdún tó kọjá, mo mọ ohun tójú mi ń rí.

Lọ́yà Àdúgbò: Ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan o. Abala 38 nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní kálukú lè ṣe ẹ̀sìn ẹ̀ ní gbangba tàbí ní kọ̀rọ̀, "gbangba" yẹn wà níbẹ̀ kedere. Àmọ́ mi ò ní tàn yín, iléeṣẹ́ àdáni lè fún yín ní nótíìsì kí wọ́n ní kẹ́ ẹ máa lọ láì dárúkọ ẹ̀sìn rárá, ìdí tí mo fi fẹ́ kóhun tí wọ́n ń fẹnu sọ wà lákọsílẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi ímeèlì bi HR léèrè, òfin iléeṣẹ́ wo lẹ rú, kí ló dé tí wọ́n fi gba kọ́kọ́rọ́. Lẹ́tà àforíjì yẹn, ọwọ́ ara yín lẹ máa fi kọ ọ́ pé ẹ jẹ̀bi, òun ni wọ́n á kọ́kọ́ gbé jáde tọ́rọ̀ bá dé National Industrial Court, kóòtù tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́.

Àlàájà: Mùsùlùmí ni mí àmọ́ ó ká mi lára. Ọdún 2022 ni Supreme Court ṣẹ̀ṣẹ̀ dá a pé káwọn ọmọ wa máa lo híjáàbù nílé ìwé ìjọba l'Ékòó, ẹ wo iye ọdún tá a fi wà ní kóòtù. Ẹ má kọ lẹ́tà kankan.

Ọmọ Ìjọ: Kristẹni ni mí, mi ò fara mọ́ òrìṣà, àmọ́ mi ò ní ní kẹ́nì kan tọrọ àforíjì torí ẹ̀sìn bàbá ẹ̀. Ìbẹ̀rù ló ń dà wọ́n láàmú, fíìmù tá à ń wò látìgbà tá a ti wà lọ́mọdé, babaláwo ló máa ń pààyàn níbẹ̀. Bá obìnrin ọlọ́mọ yẹn sọ̀rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, ìwọ àti òun nìkan.

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun gan-an. Ìyá Ìbejì, mo gbọ́ yín, ẹkún ni mo sun nígbà tí mo kà á. Mo pe bàbá mi, wọ́n ní kí n yọ fọ́tò tó bá máa jẹ́ kí n ríbi ṣiṣẹ́, pé ojú tó rí i ti rí i, àmọ́ kí n má kọ ọ́ síbì kankan pé mo kábàámọ̀ òun. Mo ti yọ ọ́. Lẹ́tà ni mi ò kọ, mo fi ímeèlì ránṣẹ́ sí HR láàárọ̀ yìí bí Lọ́yà ṣe sọ, wọn ò tíì fèsì.