Lórí "alángbá ẹlẹ́gùn-ún", àti ìdí tí "ìṣàwárí" kò fi bá iṣẹ́ àwọn tó ń sọ alángbá lórúkọ mu

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Kétu. Mo ti ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa tó ń gbé ní Àjàṣẹ́ fi ránṣẹ́ nípa àwọn ọ̀rọ̀ tí a ó fi kọ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko afàyàfà ní èdè wa. Wọ́n ní kí a máa pe àwọn alángbá Amẹ́ríkà tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sceloporus ní "alángbá ẹlẹ́gùn-ún". Kí ohun tí àwọn Faransé ń pè ní espèce máa jẹ́ "ẹ̀yà". Àti pé nígbà tí onímọ̀ bá gbé irú alángbá kan tí kò tíì sí nínú ìwé jáde, kí a sọ pé ó "ṣàwárí" rẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún làálàá náà, nítorí kò sí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ ohun abẹ̀mí níhìn-ín tí kò mọ bí ó ti ń ni ni lára kí ọ̀rọ̀ Faransé máa gbapò gbogbo ọ̀rọ̀ tó bá wúwo. Síbẹ̀, n kò lè fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí wọ́n ṣe gbé e kalẹ̀, ẹ̀kẹta ni mo sì rò pé yóò ṣi àwọn ọmọ lọ́nà jù.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀gún. Láti ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà títí dé Panama ni àwọn Sceloporus wà, Mẹ́síkò ni wọ́n sì pọ̀ sí jù. Onímọ̀ ará Jámánì kan, Wiegmann, ló dá orúkọ náà sílẹ̀ ní ọdún 1828, irú tó sì wà lábẹ́ orúkọ náà lónìí ti tó ọgọ́rùn-ún. Ìpẹ́ ẹ̀yìn wọn gun ara wọn, ìpẹ́ kọ̀ọ̀kan ní ìlà kan tó yọ sókè láàrin, ìlà náà sì kọjá etí ìpẹ́, ó wá di ẹnu ṣóńṣó. Akọ wọn sábà máa ń ní àwọ̀ búlúù ní ẹ̀gbẹ́ ikùn, èyí tí ó máa ń fi han akọ mìíràn nígbà tó bá ń na apá tó ń gbé ara sókè sódò lórí àpáta. Ẹ ó rí i pé ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé wọ́n lẹ́gùn-ún kò purọ́.

Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró lẹ́bàá Àkábà Ìdẹ̀nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú Kétu, ní ọ̀sán gangan yóò rí akọ alángbá tiwa lára ògiri: orí rẹ̀ pọ́n, ara rẹ̀ dúdú mọ́ búlúù, àárín ìrù rẹ̀ ní àwọ̀ ọsàn, ìparí ìrù náà sì dúdú. Kí onítọ̀hún ní sùúrù títí alángbá náà yóò fi yí ọrùn, kí ó sì wo ìdí etí rẹ̀ dáadáa. Yóò rí àwọn ẹ̀gún kéékèèké tí wọ́n dìde lọ́wọ̀ọ̀wọ́ yí ihò etí ká títí dé ẹ̀gbẹ́ ọrùn. Ìpẹ́ ẹ̀yìn rẹ̀ pàápàá ní ìlà láàrin, ó sì ní ẹnu ṣóńṣó. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gún ni a ó fi máa dá a mọ̀, alángbá Kétu ti jẹ́ ẹlẹ́gùn-ún kí a tó gbọ́ orúkọ ti Mẹ́síkò. Bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì kì í ṣe ìdílé kan náà. Agamidae ni ìdílé tiwa, Phrynosomatidae ni tiwọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú eyín tiwa lẹ̀ mọ́ téńté etí egungun àgbọ̀n, nígbà tí eyín tiwọn lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ inú egungun náà. Ọmọ tó bá ka "alángbá ẹlẹ́gùn-ún" nínú ìwé, tó sì wá wo ògiri ilé bàbá rẹ̀, yóò so àwọn tí kò tan pọ̀, kò sì ní jẹ́ ẹ̀bi rẹ̀.

Wiegmann fúnra rẹ̀ kò fi ẹ̀gún sọ wọ́n lórúkọ. Ọ̀rọ̀ Gíríìkì méjì ló so pọ̀, èyí tó dúró fún ẹsẹ̀ àti èyí tó dúró fún ihò, nítorí ìlà ihò wínníwínní tó wà lábẹ́ itan wọn, tí ohun kan tó dà bí ìda ń gbà jáde. Alángbá tiwa kò ní ihò kankan ní itan. Iwájú ihò ìdí ni ti akọ rẹ̀ wà. Nítorí náà, àbá tèmi ni pé kí orúkọ inú ìwé ẹ̀kọ́ jẹ́ "alángbá oníhò-itan", kí a sì fi "alángbá onípẹ́ ṣóńṣó" sílẹ̀ fún ẹni tó kàn fẹ́ ṣàlàyé bí wọ́n ṣe rí fún ará ilé. Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò sọ pé ihò itan kò ṣeé rí lókèèrè, àfi kí a mú ẹranko náà dání kí a yí ikùn rẹ̀ sókè. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n orúkọ tí a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀, yálà ó hàn sójú tàbí kò hàn.

Lórí "ẹ̀yà", n kò ní pẹ́ púpọ̀. Ẹ̀yà ara ni a máa ń sọ, ẹ̀yà ènìyàn sì ni a máa ń sọ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa Yorùbá, Gùn àti Báríbá. Nínú àpèjúwe alángbá kan ṣoṣo, a ó dárúkọ orí, itan, ìpẹ́ àti ìrù, gbogbo wọn jẹ́ ẹ̀yà ara. Bí a bá tún pe alángbá náà fúnra rẹ̀ ní ẹ̀yà, gbólóhùn yóò dàrú mọ́ akàwé lọ́wọ́. "Irú" sàn jù. Ẹnìkan ti sọ pé irú tí a fi ń se ọbẹ̀ yóò da ọ̀rọ̀ rú, ṣùgbọ́n n kò tíì rí ẹni tó gbọ́ "irú ẹran wo nìyí" tó sì ronú kan ọbẹ̀. Ohun tó tilẹ̀ mú mi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà ni pé a máa ń sọ pé irú-ọmọ lágbájá, tí a bá fẹ́ sọ àwọn tó ti ara rẹ̀ jáde láti ìran dé ìran. Ohun tí àwọn onímọ̀ òde òní ń wá gan-an nìyẹn: wọn kì í wo ìrísí nìkan, wọ́n ń wo ẹni tó bí ẹni, àti ibi tí okùn ìran kan ti ya kúrò lára èkejì. Kí "irú" wà lábẹ́ "ìbátan" (ohun tí àwọn Faransé ń pè ní genre, bí Sceloporus), kí "ìbátan" wà lábẹ́ "ìdílé", kí a sì pa "ọ̀wọ́" mọ́ fún àwọn irú tó sún mọ́ ara wọn nínú ìbátan kan, nítorí Sceloporus pọ̀ débi pé àwọn onímọ̀ ní láti tò wọ́n lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

Ó wá ku "ìṣàwárí", ibẹ̀ ni mo sì ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ bá mi rò ó. Ẹni tó bá ṣàwárí nǹkan, ohun tó sọnù tàbí ohun tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ni ó wá rí. Alángbá tí à ń sọ yìí kò sọnù. Àwọn àgbẹ̀ tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè ní Mẹ́síkò ti ń rí i lórí òkúta lójoojúmọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà ó ti wà nínú ìgò ọtí ní mùsíọ́ọ̀mù fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí orúkọ mìíràn lẹ̀ mọ́ ọn. Iṣẹ́ tí onímọ̀ ṣe ni èyí: ó wọn gígùn ara rẹ̀ láti ṣóńṣó imú dé ihò ìdí, kì í ṣe dé ìparí ìrù, nítorí ìrù lè já kí òmíràn sì hù, ó ka ìpẹ́ ẹ̀yìn láti ẹ̀yìn orí títí dé ibi tó bá ẹ̀yìn itan dọ́gba, ó ka ihò itan ọ̀tún àti ti òsì, ó wo àwọ̀ ikùn akọ àti ti abo, ó fi gbogbo rẹ̀ wé ti àwọn irú tó ti wà nínú ìwé, ó yẹ DNA rẹ̀ wò (ohun inú ara tó ń gbé àmì ìran láti òbí dé ọmọ), lẹ́yìn náà ni ó kọ ọ́ jáde ní gbangba, ó sì fún un ní orúkọ Látìnì ọlọ́rọ̀ méjì. Nínú gbogbo èyí, ibo ni ìṣàwárí wà?

Ẹ wo àpẹẹrẹ Sceloporus undulatus. Ó ti wà nínú ìwé láti ọdún 1801, a sì gbà fún ìgbà pípẹ́ pé irú kan ṣoṣo ni, tó tàn káàkiri apá tó pọ̀ ní Amẹ́ríkà, tó kàn ní oríṣiríṣi ìrísí láti ibì kan dé ibòmíràn. Ní ọdún 2002, àwọn onímọ̀ méjì, Leaché àti Reeder, fi DNA wò ó, wọ́n sì dábàá pé irú mẹ́rin ni. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn alángbá náà tí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ rí. Kódà wọn kò ní láti dá orúkọ tuntun, nítorí orúkọ ti wà nílẹ̀ láti ọwọ́ àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ṣáájú: Sceloporus tristichus, fún àpẹẹrẹ, Cope, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, ló fún un lórúkọ náà ní ọdún 1875. Títò ni wọ́n tún wọn tò. Bí a bá kọ ọ́ fún àwọn ọmọ wa pé wọ́n ṣàwárí irú mẹ́ta, irọ́ ni a kọ fún wọn.

Sceloporus grammicus tilẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Alángbá kékeré orí òkè Mẹ́síkò ni, kì í yé ẹyin, ọmọ ló ń bí. Lójú ẹni tó ń kọjá, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn onímọ̀ ka krómósómù wọn, ìyẹn àwọn okùn wínníwínní inú ara tí DNA wà nínú wọn, wọ́n rí i pé ó yàtọ̀ láti ibì kan dé èkejì, láti 32 títí dé 46. Àwọn àgbà wa ti sọ pé gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. N kò tíì rí gbólóhùn kan tó ṣàlàyé ìṣòro àwọn onímọ̀ wọ̀nyí tó bẹ́ẹ̀. Ìrísí jọra, inú yàtọ̀, iye ìyàtọ̀ tó sì yẹ kí ó wà kí a tó pe wọ́n ní irú méjì jẹ́ ohun tí àwọn onímọ̀ fúnra wọn ṣì ń bá ara wọn jiyàn lé lórí.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a má ṣe fi ọ̀rọ̀ kan bo iṣẹ́ mẹ́rin mọ́lẹ̀. "Rírí" ni ti ẹni tó mú ẹranko náà nínú igbó. "Ìṣàpèjúwe" ni kíka ìpẹ́ àti kíkọ ìyàtọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. "Ìsọlórúkọ" ni fífún un ní orúkọ tí òfin àgbáyé gbà. "Títò mọ́ ìdílé" ni sísọ ẹni tó bá a tan. Ẹnìkan lè ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹni mẹ́rin sì lè ṣe wọ́n ní ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́rin.

Àbúrò wa tó kọ̀wé láti Ṣábẹ̀ẹ́ béèrè ohun tí a ó pe ẹranko kan ṣoṣo tí onímọ̀ yà sọ́tọ̀, tí orúkọ tuntun náà so mọ́, tí a sì ń pa mọ́ sí mùsíọ́ọ̀mù. Ó dábàá "àpẹẹrẹ pípé". Inú mi dùn sí ìbéèrè náà gan-an, ṣùgbọ́n ẹranko yẹn kò ní láti pé. Ó lè jẹ́ ọmọ, ìrù rẹ̀ lè ti já, ó sì lè má jọ ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju pé kí ó wà níbẹ̀ láti jẹ́rìí lọ́jọ́ tí àríyànjiyàn bá dé pé ta ni ó ni orúkọ. "Ẹlẹ́rìí orúkọ" ni kí a pè é. Bí ẹlẹ́rìí bá sọnù, tí ọ̀rọ̀ sì dàrú, òfin gbà kí a yan òmíràn, kí a pe ìyẹn ní "ẹlẹ́rìí arọ́pò".

Ọ̀rọ̀ yìí kàn wá nílé. Linnaeus, onímọ̀ ará Súwídìn, ló sọ alángbá tí à ń pè ní Agama agama lórúkọ ní ọdún 1758, ṣùgbọ́n kò sí ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé, títí àwọn onímọ̀ fi yan ẹlẹ́rìí arọ́pò láti Kamẹrúùnù ní ọdún 2009. Nígbà tó di ọdún 2014, ìwádìí DNA fi hàn pé ọ̀pọ̀ alángbá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí à ń pè ní orúkọ yẹn kì í ṣe irú kan náà pẹ̀lú ti Kamẹrúùnù. Ẹlẹ́rìí wà ní Kamẹrúùnù, orúkọ sì bá ẹlẹ́rìí lọ. Tiwa wá padà sí orúkọ tí Peters, onímọ̀ ará Jámánì, ti fún alángbá kan láti Gánà ní ọdún 1877, Agama picticauda, èyí tó túmọ̀ sí onírù aláwọ̀. Alángbá ara ògiri Kétu kò kúrò níbi tó wà. Kò sí ọ̀nà tí "àpẹẹrẹ pípé" fi lè ṣàlàyé irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́, "ẹlẹ́rìí" sì ṣàlàyé rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ní ti bí a ó ṣe kọ àwọn ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀, yálà pẹ̀lú ɛ àti ɔ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Bẹ̀nẹ̀ tàbí pẹ̀lú ẹ àti ọ bí mo ṣe kọ ọ́ yìí, n kò rò pé ó yẹ kí ìyẹn dá wa dúró. Ohùn àti ìtumọ̀ ni kí a kọ́kọ́ fẹnu kò lé lórí.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan sí àbúrò wa ní Ṣábẹ̀ẹ́. Àwọn òkè àpáta tó yí ìlú yín ká kò jìnnà sí ilé, àwọn ọdẹ àti àwọn darandaran sì mọ ohun tó ń sá lórí wọn ju ẹnikẹ́ni nínú wa lọ. Jọ̀wọ́, bá wa bi wọ́n bóyá orúkọ kan náà ni wọ́n ń pe alángbá orí àpáta àti alángbá ara ògiri. Bí ó bá sì jẹ́ orúkọ méjì, bi wọ́n ohun tí wọ́n fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀, kí o kọ ọ́ bí wọ́n bá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, kí a tó dá ọ̀rọ̀ kankan sí i.