Kí ló ń kó glycine (ọ̀kan lára àwọn amino acid tí a fi ń ṣe purotéènì) jọ sínú ewé ẹ̀wà mi?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa kẹ́mísírì ohun ọ̀gbìn. Ìbàdàn ni mo wà, iṣẹ́ àṣekágbá yunifásítì ni mò ń ṣe. Mo hu ẹ̀wà ọjà Bódìjà sínú omi oúnjẹ tí mo da sulfanilamide sí. Oògùn yìí kì í jẹ́ kí ewéko rí fólétì (fítámì B kan) ṣe, torí ó ń bá PABA, èròjà tí ewéko fi ń ṣe fólétì, du ẹ́ńsáìmù kan náà.

Gbòǹgbò wọn kò gùn mọ́, ewé tuntun sì funfun bí ẹ̀kọ. Mo fi PABA kún un, wọ́n sọjí. Methionine (amino acid tó ń fẹ́ fólétì kí ewéko tó lè ṣe é) nìkan kò ràn wọ́n lọ́wọ́ tó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ò sì yà mí lẹ́nu: thymidine àti purine (bí adenine), tí ewéko fi ń ṣe DNA, náà ń fẹ́ fólétì.

Ibi tó ta kókó nìyí. Nígbà tí mo fín ninhydrin (oògùn tó ń jẹ́ kí amino acid yọ àwọ̀) sórí bébà chromatography, bébà tó ń ya èròjà sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àmì glycine ṣú dùdù, ti serine, amino acid mìíràn, fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Mo mọ̀ pé fólétì ni mitochondria (ilé agbára inú sẹ́ẹ̀lì) ewé fi ń sọ glycine di serine, pàápàá lójú oòrùn, nítorí náà àìsí fólétì lè fà á. Àmọ́ ewéko tí kò dàgbà mọ́ náà lè kó amino acid jọ, torí kò fi wọ́n ṣe purotéènì. Mo gbé àwọn kan sókùnkùn láti fi wé ti ojú fèrèsé, wọ́n ti rọ kí n tó rí nǹkan kà. HPLC, àyẹ̀wò tí ẹ̀rọ fi ń ya èròjà sọ́tọ̀ tó sì ń wọn iye wọn, ni ọ̀gá mi ní kí n ṣe. Owó ẹ̀ ju apá mi lọ.

Ìdánwò olówó pọ́ọ́kú wo ni mo lè fi ya ìdí méjèèjì yìí sọ́tọ̀? Bí mo bá fi thymidine àti adenine kún methionine, tí glycine ṣì pọ̀, ṣé ẹ̀rí tó nìyẹn?