Àbúrò ọkọ mi ń bì, wọ́n ní èmi ni mo fún un ní májèlé

Olùbéèrè: Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, orí mi ti dàrú. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ń bì láti àná. Láti ọjọ́ tó ti dé ilé wa ni kò ti fẹ́ràn mi; tí mo bá ti wọ yàrá báyìí, á ní òun fẹ́ pe ìyá òun. Láàárọ̀ yìí ni ìyá ọkọ mi pè, wọ́n ní kí n jẹ́wọ́ ohun tí mo kó sóúnjẹ ọmọ àwọn. Oúnjẹ kan náà ni gbogbo wa jẹ! Ọkọ mi ò tilẹ̀ gbè mí. Báwo ni mo ṣe máa fi hàn pé ọwọ́ mi mọ́?

Ìyá Dámi: Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ohun tí ojú mi rí lọ́wọ́ àwọn ará ilé ọkọ tèmi náà kò ṣeé fẹnu sọ. Ṣáà ṣọ́ ẹnu rẹ.

Àkàndé: Ẹ ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́nà ọ̀fun, kó bì í tán.

Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀: Ẹ má dán an wò! Tó bá jẹ́ ásíìdì lèèyàn gbé mì, èébì náà á tún jó o lọ́fun lẹ́ẹ̀kejì. Tó bá jẹ́ kẹrosíìnì, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Olùbéèrè, oògùn wo ló lò?

Àkàndé: Bàbá mi bì í, wọ́n sì yè.

Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀: A dúpẹ́ pé wọ́n yè. Ẹ má fi kọ́ ẹlòmíì.

Olùbéèrè: Kò lo nǹkan kan. Èébì náà ti ń rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyá ọkọ mi ni mo ní kí ẹ bá mi dá sí.

Ìyá Dámi: Wọ́n bi ọ́ léèrè oògùn, o ń sọ ti ìyá ọkọ!

Olùbéèrè: Ẹ má bínú, Mà. Eyín ló ń dùn ún láti ìjẹta. Parasitámọ́ọ̀lù lásán ló ń lò, àti oògùn ọ̀fìnkìn. Èmi kọ́ ni mo rà á fún un. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí páálí rẹ̀ lábẹ́ ìrọ̀rí ni, ó ti ṣófo. Ṣé ìyẹn náà ni májèlé?

Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀: Tó bá pọ̀jù, bẹ́ẹ̀ ni. Gíráàmù 4 ni àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá láàárín wákàtí 24, ìyẹn hóró 8 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mílígíráàmù 500. Parasitámọ́ọ̀lù sì wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn, ó lè ti lò ó ní ìlọ́po láìmọ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Díẹ̀ nínú rẹ̀ máa ń di oró níbẹ̀, èròjà kan tó ń jẹ́ glutathione ló sì ń pa oró náà. Tí glutathione bá ti tán, ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ni oró náà máa bẹ̀rẹ̀ sí í pa. Èébì tó ń rọlẹ̀ yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù: ara lè fúyẹ́ lọ́jọ́ kejì, kí ẹ̀dọ̀ sì máa bàjẹ́ lọ, kí ẹyinjú tó yí sí àwọ̀ ìyeyè. Aporó rẹ̀ ni acetylcysteine. Láàárín wákàtí 8 lẹ́yìn tí èèyàn lo oògùn náà ní àlòjù ló dára jù, àmọ́ ó ṣì ń ṣiṣẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn báyìí-báyìí, ẹ mú páálí oògùn méjèèjì dání, kí ẹ sì sọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó.

Olùbéèrè: Ọkọ mi ti ń gbé e wọ ọkọ̀. Àbúrò rẹ̀ ní abẹ́ ìhà ọ̀tún ń dun òun.

Nọ́ọ̀sì Bọ́sẹ̀: Ibẹ̀ ni ẹ̀dọ̀ wà. Ẹ sọ ìyẹn náà fún dókítà.